Ara Líle

“Ẹ̀rọ yìí kì yóò kúrò ní Lálùpọn níwọ̀n ìgbà tí ara ọmọ yìí kò bá tíì le.”

Olóyè Dorothy Bámgbóṣé ni ó sọ gbólóhùn yìí ní gbangba, ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lálùpọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀rọ náà mú, ó gbé ọwọ́ kejì lé orí Tiwaladé, ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ayàwòrán fi ní òun ti yà á tán. Nígbà náà ni ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ gbólóhùn náà wò, nítorí obìnrin tí ó sọ ọ́ kì í ṣe òpè. Akọ̀wé àgbà ni ó jẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kí ó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni láti kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi mú ẹni tí ó kọ ọ́. Nínú èdè wa, ẹni tí ara rẹ̀ le ni ẹni tí ó ní ìlera. Bí a bá kí ara wa, ‘ṣé ara le?’ ni a ń wí. Bí a bá súre fún aláìsàn, ‘ara rẹ á le’ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe Tiwaladé gan-an ni pé ara rẹ̀ le. Ó le bí igi. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fún débi pé orúnkún méjèèjì ń fa ara wọn mọ́ra, ẹsẹ̀ a sì kọ́ra bí ẹnu àlùmágàjí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìgbà tí a ti bí i. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ jẹ́ agbẹjọ́rò, ìlérí Olóyè ti ṣẹ kí ó tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò ní pápá yẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Fẹ̀yìntọlá, ìyá ọmọ náà, jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà. Ọmọ Onítẹ̀bọmi ni, láti ilé tí wọ́n ti ń ka ìwé láti ayé àwọn ajíhìnrere. Mùsùlùmí ni Jàmíù ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà. Kùtùkùtù ni ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń wọlé. Ìrọbí Fẹ̀yìntọlá pẹ́. Ọmọ dé, kò ké. Nígbà tí ó ké, ọpọlọ rẹ̀ ti wà láìní afẹ́fẹ́ kọjá bí ó ti yẹ. Làákàyè kò bàjẹ́. Apá tí ó ń pàṣẹ fún iṣan ni ó bàjẹ́. Ọpọlọ yẹn mọ bí a ti ń sọ fún iṣan pé kí ó fún. Kò mọ bí a ti ń sọ fún un pé kí ó dẹ̀.

Àmì àkọ́kọ́ tí ilé rí ni pé ọmọ náà kò ṣeé pọ̀n. Ẹni tí ó bá ti pọ̀n ọmọ rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ là kí ó tó lè gbá ìbàdí ìyá mú. Ẹsẹ̀ Tiwaladé kò là. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́yìn, á nà gbọọrọ bí ọmọ odó, á sì máa yọ̀ bọ́ nínú ọ̀já. Ìyá Jàmíù gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì gbé e padà fún ìyá rẹ̀.

“Gba nǹkan rẹ,” ni ó wí.

Ohun kan ṣoṣo ni Fẹ̀yìntọlá ń wá. Kò wá ìrìn. Ó ti gbà pé ìrìn kò sí níbẹ̀. Kí ọmọ òun jókòó ni. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo, ti bá a sọ ọ́ ní ọ́fíìsì.

“Tíṣà, n kò kọ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bẹ́ǹṣì kíláàsì kìíní, kò ní ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ó bá lè jókòó lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ mú un wá, màá gbà á. Bí kò bá lè jókòó, ta ni yóò máa dì í mú? Èmi ni, àbí ìyàwó mi?”

Ó rẹ́rìn-ín. Fẹ̀yìntọlá náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ni. Wọ́n fẹnu kò sí i pé bí ọmọ bá ti lè jókòó nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, yóò wọ kíláàsì.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wọ ọ̀rọ̀. Àjọ tí Olóyè dá sílẹ̀ ni ó gbé e wá. Ọmọ Ò Burú ni orúkọ àjọ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe mọ ibi tí òwe yẹn ń lọ: ọmọ ò burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Àjọ náà mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gba ọ̀dọ́mọbìnrin kan síṣẹ́ tí ń jẹ́ Mùjíbátù, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa ìtọ́jú iṣan àti oríkèé. Láti ìgboro Ìbàdàn ni ó ti ń wá. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo Lálùpọn ń pè é; ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ pé òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju rédíò kékeré lọ. Bátìrì ni ó ń lò, nítorí náà kò sí ohun tí ó kàn án pẹ̀lú NEPA. Wáyà tín-ínrín méjì jáde lára rẹ̀, pádì rọ́bà kan sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mùjíbátù á lẹ pádì mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúnkún, níbi tí okùn ìmọ̀lára tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ ti gba abẹ́ awọ kọjá. Á wá yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀. Iná bátìrì á máa ta okùn ìmọ̀lára náà jẹ́jẹ́, títí iṣan tí kò gbọ́ràn sí ọpọlọ lẹ́nu yóò fi dẹwọ́.

“Èèrà ti dé,” ni Tiwaladé máa ń wí nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde bí ẹni ń fa omi láti inú kànga jíjìn.

“Ṣé wọ́n ń já ọ?” Mùjíbátù á béèrè.

“Rárá. Wọ́n ń... kọjá lọ.”

“Níbo ni wọ́n ń lọ?”

“Ọjà. Wọ́n fẹ́ ra... gàrí.”

“Bá mi kí wọn. Sọ pé tèmi kò gbọdọ̀ kan o, kó sì kúnná.”

“Wọ́n ní... kí ẹ mówó wá.”

Bí ó ṣe di pé èèrà ni gbogbo wọn ń pe ẹ̀rọ náà nìyẹn.

Mùjíbátù kò purọ́ fún ìyá ọmọ. Láti ọjọ́ kìíní ni ó ti sọ fún un. “Ìyá Tiwa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Èèrà yìí kì í wo ohun tó ṣe ọpọlọ sàn. Ó ń dẹ iṣan fún wákàtí díẹ̀ ni. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wa wà: ẹ máa na ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ máa là á, ẹ máa gbé e jókòó. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe iṣẹ́. Èèrà kàn ń ṣílẹ̀kùn ni.”

“Tí a bá dáwọ́ dúró ńkọ́?”

“Iṣan tí a ò bá nà máa kúrú. Tó bá kúrú tán, oríkèé á gan síbẹ̀. Ọ̀bẹ ló kù nígbà yẹn, ẹ ò sì ní rí ẹni tó máa gbé ọ̀bẹ yẹn fún yín ní Lálùpọn.”

Fẹ̀yìntọlá ṣiṣẹ́. Ó ká ẹní, ó gbé ọmọ gùn ún bí ẹni gun ẹṣin, ó sì ń ka álífábẹ́ẹ̀tì sí i létí. Ibi tí ọmọ bá ti ṣubú ni òdiwọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò kọjá D. Nígbà tí àgbàdo tuntun jáde, ó ti ń dé GB, ó sì máa ń ṣubú síbẹ̀ nítorí ẹ̀rín, nítorí lẹ́tà náà ń pa á lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan nínú òjò ọdún yẹn, lẹ́yìn tí èèrà ti kọjá tán, Mùjíbátù ní kí ìyá tẹ̀ba. Ó gbé Tiwaladé lé e lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ là. Ẹsẹ̀ gbá ìbàdí mú. Fẹ̀yìntọlá so ọ̀já lé e. Ọmọ ti wúwo, ó ti kọjá ẹni tí à ń pọ̀n. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò tíì pọ̀n ọmọ rẹ̀ rí. Ó pọ̀n ọ́n yí ṣọ́ọ̀ṣì po. Ọmọ ni ó sọ̀rọ̀.

“Màmi, ẹ̀yìn yín... gbóná.”

Nígbà tí ọyẹ́ fi mú, ọmọ ti ń jókòó títí dé Ṣ. Lẹ́tà mẹ́rin ni ó kù.

Nínú ọyẹ́ yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, àwọn aláàánú kan fẹ́ wá láti Èkó. Àwọn ni wọn yóò kọ́ ilé tuntun fún àjọ Ọmọ Ò Burú. Àwọn mìíràn nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ọmọ tí àjọ náà ti wò sàn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kò sì sí ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Múyì, akọ̀wé Olóyè, wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà.

“Dókítà,” ni ó wí fún Mùjíbátù, nítorí pé nǹkan ni ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, “kí èèrà yín ti ṣiṣẹ́ kí àlejò tó dé lọ́la. Olóyè ní kí ẹsẹ̀ ọmọ nà gbọọrọ.”

“Ìgbà díẹ̀ ló máa fi nà.”

“Ìgbà díẹ̀ náà ni àlejò máa fi wà níbẹ̀.”

“Ṣé ẹ máa ṣàlàyé fún wọn pé—”

“Àlàyé lọ́wọ́ Olóyè ni. Tiyín ni ẹsẹ̀.”

Mùjíbátù ṣe é, nítorí pé bí ó bá ṣe é tàbí kò ṣe é, ọmọ nílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún Tiwaladé, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun fún un, wọ́n gbé e sórí itan ìyá rẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà níwájú rẹ̀, méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Olóyè mú máíkì. Ó kí àwọn àlejò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó kí ìlú ní Yorùbá, ó sì yíjú sí Fẹ̀yìntọlá.

“Ìyá Tiwaladé, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ kú ìtọ́jú o. Ṣé ara ọmọ le?”

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìdáhùn sí èyí. Fẹ̀yìntọlá pàápàá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìdáhùn náà, ó sì ń mú kí wọ́n wí i tẹ̀lé òun: bí àgbà bá béèrè ara, ìkíni ni, kì í ṣe ìbéèrè. A kì í ka àìsàn sí àgbà létí láàárín èrò. A ó dúpẹ́ ná. Bí ẹjọ́ bá wà, a ó rò ó nígbà tí èrò bá túká. Ẹni tí òkú sùn sí yàrá rẹ̀ á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wọlé kí ó tó sunkún.

Ó kúnlẹ̀ débi tí ìwúwo ọmọ gbà á láyè.

“Ó le, mà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Olóyè yíjú sí àwọn àlejò. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán, ó sọ fún wọn pé ìyá ọmọ ti jẹ́rìí fúnra rẹ̀: ọmọ náà ti sàn.

Mùjíbátù dìde láti ẹ̀yìn.

“Ẹ jọ̀wọ́, mà, ìkíni ni wọ́n dáhùn. Ọmọ yìí kò tíì—”

“Dókítà wa,” ni Olóyè wí sínú máíkì, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀, “kò fẹ́ kí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ òun. Ta ni dókítà rẹ̀ ti sọ fún rí nínú yín pé, ‘Máa lọ, o ti sàn, má padà wá mọ́’?”

Ìlú rẹ́rìn-ín. Ó tún túmọ̀ àwàdà náà, àlejò náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní níwọ̀n ìgbà tí ara ọmọ ti le, ẹ̀rọ yóò lọ síbòmíràn báyìí kí ọmọ mìíràn lè jẹ nínú oore rẹ̀. Ìpàtẹ́wọ́ tí ó tẹ̀lé èyí pẹ́.

Fẹ̀yìntọlá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. “Mà,” ni ó wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀...” Máíkì ti kúrò níbẹ̀.

“Màmi,” ni Tiwaladé wí, “èèrà ti ń... lọ sílé.”

Lóòótọ́ ni. Lábẹ́ ìpàtẹ́wọ́ ni orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ bá orúnkún, tí ìbọ̀sẹ̀ funfun kan ń gun èkejì. Ọ̀gbẹ́ni Múyì rí i. Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni fẹ́ bá ọmọ ṣeré, ó sì fa ìborùn ìyá bo ẹsẹ̀ náà títí àlejò fi wọkọ̀.

Nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ Múyì ni ẹ̀rọ bá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Jàmíù ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti gbọ́ lójú ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

“Kí lo fẹ́ kí n sọ?” ni Fẹ̀yìntọlá wí. “Kí n ní ara ọmọ mi ò le, níwájú gbogbo ayé?”

“N ò bi ọ́ ní nǹkan kan.”

“O ń wò mí.”

“Mò ń wo tíṣà ni. O kí àgbà bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá dé kíláàsì lọ́la, kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín.”

Jàmíù tọrọ àforíjì kí wọ́n tó jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Àjọ náà kò lé Mùjíbátù. Wọ́n kàn ní iṣẹ́ ti tán ní Lálùpọn. Ó tún wá lẹ́ẹ̀mejì fúnra rẹ̀, láti fi ọwọ́ lásán na ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹsẹ̀ tí èèrà kò kọ́kọ́ dẹ̀, bí ọwọ́ bá nà án, oró ni. Tiwaladé kì í sunkún tẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ní ìgbà kejì ni ó ní, “Àǹtí, ẹ má wá... mọ́.” Mùjíbátù kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí.

Fẹ̀yìntọlá dúró de ọmọ mìíràn tí wọ́n ní ẹ̀rọ yóò lọ bá. Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá mọ ibẹ̀, òun lè gbé ọmọ òun lọ síbẹ̀, kí wọ́n jọ máa lò ó. Ó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Múyì nígbà tí ó rí i ní gáréèjì. Múyì ní wọn kò tíì mú ọmọ kankan. Nítorí náà, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi Ọdún Àjíǹde, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé tuntun tí Olóyè kọ́ fún ara rẹ̀ sí Olódò. Kò lè pọ̀n Tiwaladé mọ́. Ó fi apá méjèèjì gbé e dábùú bí ẹni gbé igi ìdáná, àwọn èrò bọ́ọ̀sì sì ń sún ẹsẹ̀ ọmọ náà sẹ́yìn, wọ́n ń sún un síwájú, nítorí kò ká.

Wọ́n ní kí ó wọ pálọ̀. Olóyè wà lórí àga gbọọrọ, ó ká ìró rẹ̀ sókè orúnkún ọ̀tún. Pádì rọ́bà méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀rọ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Ìyá Tiwaladé. Dìde, jókòó.” Ní pápá, ‘ẹ̀yin’ ni Olóyè pè é, ní pálọ̀, ‘ìwọ’ ni. “Má wo ti orúnkún mi o, àgbà ti dé. Bí n bá gun àtẹ̀gùn báyìí, ó dìgbà tí mo bá kọ́kọ́ bẹ orúnkún yìí. Ẹ̀rọ yìí ló ń ràn mí lọ́wọ́. Ó máa ń rìn mí lára bíi—”

“Bí èèrà,” ni Tiwaladé wí.

Olóyè wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ yìí gbọ́n o. Ṣé ara rẹ̀ le?”

Fẹ̀yìntọlá kò dìde láti orí ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó dáhùn ìkíni àgbà bí ẹni dáhùn ìbéèrè.

“Ara rẹ̀ le, mà. Ó le bí igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò là mọ́, n ò lè pọ̀n ọ́n, n ò lè gbé e jókòó. Ẹ fọwọ́ kàn án, mà. Ẹ wò ó.”

Olóyè kò fọwọ́ kàn án. Ó yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ sílẹ̀ díẹ̀.

“Ìwọ lo sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ó ti le. Ṣé kí n wá padà lọ bá àwọn ará Èkó, kí n ní olùkọ́ mi purọ́?”

“Ìkíni ni mo dáhùn, mà.”

“Mo mọ̀.”

Fẹ̀yìntọlá gbójú sókè.

“Mo mọ̀, Ìyá Tiwaladé. Ṣebí Yorùbá ni mí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni kò mọ̀, àwọn ló sì ń kọ́lé fún wa. Gbogbo ọmọ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jàǹfààní ilé náà.”

“Mà, kí ẹ wulẹ̀ yá wa ni. Títí ilé-ẹ̀kọ́ á fi wọlé. Lẹ́tà mẹ́rin ló kù kó...” Ó rántí pé Olóyè kò mọ̀ nípa lẹ́tà. “Ó kù díẹ̀ kó jókòó, mà.”

“Kó jókòó.” Olóyè wí i jẹ́jẹ́, láìsí ìbínú rárá, ohùn tí à ń fi bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. “Ọmọ yìí kò ní rìn. Ìwọ mọ̀, èmi náà mọ̀, dókítà tí ń pariwo yẹn mọ̀. Nítorí ìjókòó lo ṣe ń wá ẹ̀rọ. Èmi ní ibi tí mò ń rìn lọ. Iṣẹ́ àwọn ọmọ náà ni mò ń rìn kiri lé lórí. Orúnkún mi bá dá mi dúró, ta ló máa ṣe é?”

Ó ní kí wọ́n fún ọmọ ní bisikíìtì. Tiwaladé gbà á, ó dúpẹ́, nítorí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Fẹ̀yìntọlá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí kíláàsì kìíní nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n gbé Tiwaladé lé bẹ́ǹṣì. Ìyá rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ álífábẹ́ẹ̀tì nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ń wò. Ó dé B. Ẹsẹ̀ kọ́ra, ìbàdí yọ̀, ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ ṣubú, ó forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ìyókù tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ọmọdé ni wọ́n, ohun tó ṣubú ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín.

“Ẹ rí i, tíṣà,” ni ọ̀gá wí. “Kì í ṣe èmi ni mo kọ̀ ọ́. Bẹ́ǹṣì ni.”

Fẹ̀yìntọlá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí ọmọ máa dùbúlẹ̀ gbọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ní bí ẹni tí ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò bá dé, kí ni òun yóò pe ìyẹn? Ó gbé ọmọ lọ sílé. Ó padà wá kí agogo tó lù, ó sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí di ọ̀sán.

Orúnkún Tiwaladé gan ní ọdún 1997, ti òsì ṣáájú ti ọ̀tún. Ó mọ̀wé kà lórí ẹní. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Kò jókòó mọ́. Àjọ Ọmọ Ò Burú kọ́ ilé rẹ̀ tán, wọ́n sì fi àwòrán ọmọ kan tí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun sí ara ògiri àbáwọlé.

Olóyè Dorothy Bámgbóṣé ṣèlérí pé ẹ̀rọ náà kì yóò kúrò ní Lálùpọn kí ọmọ náà tó sàn. Ọmọ náà kò sàn. Ẹ̀rọ náà kúrò ní Lálùpọn.